Ohùn Sámúẹ́lì Tí Mo Ní Mo Ti Tọ́jú

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n dìde dúró sọ ọ́, nítorí n kò lè jókòó sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ mọ̀ mí: èmi ni Dọ̀tun, akọ̀wé ìjọ yìí, tí kọ̀ǹpútà ìjọ wà ní ìkáwọ́ mi. Ẹ sì mọ Ìyá Sámúẹ́lì, tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Sámúẹ́lì, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó máa ń lé orin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ti sùn nínú Olúwa. Inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ kù sí.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Màmá a máa wá jókòó tì mí, wọn a gbọ́ orin kan, wọn a sì béèrè pé, "Dọ̀tun, kò ní sọnù, àbí?" Èmi a ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Mo ti dà á kọ sínú fláàṣì." Irọ́ ni. Fláàṣì ọ̀hún wà nínú àpò mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀lẹ ló ṣe mí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí mo bá ní kó ṣí orin kan, ojú rẹ̀ a dì gbagidi. Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo pe Bọ̀dá Kọ́lá tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo gbé fóònù sí i kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Háàdì dísìkì rẹ̀ ló ń kú lọ, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Pa á báyìí. Má tàn án mọ́, gbé e wá." Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e lọ, Màmá yóò mọ̀ pé mo purọ́. Ni mo bá fi òróró ra á lórí, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e, mo sì fi í sílẹ̀ ní títàn kí àdúrà lè máa wọ inú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn àdúrà agogo méjìlá, mo gbé orí lé tábìlì, oorun sì gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun. Kò kí mi. Ó ní, "Tẹ̀ lé mi," a sì rìn dé pápá kan tí kò sí oòrùn níbẹ̀, tí ilẹ̀ kò sì ṣú. Mo rí aninilára tí àwọn tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ dúró lé àyà rẹ̀. Mo rí alágbèrè tó ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i fún un. Lẹ́yìn wọn ni mo wá rí àwọn kan tí ẹnu wọn ń ṣí, tó ń pa dé, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́ nìkan ló ń jáde, mo di etí mi, ó ń dún nínú orí mi, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi kò gbé, gbogbo wọn sì yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní, "Ta ni wọ̀nyí?"

Ó ní, "Àwọn tó ní àwọn ti ṣe é, tí wọn kò ṣe é."

Àga kan ṣófo láàárín wọn. Àpò mi tí fláàṣì wà nínú rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀.

Ó mú mi gun òkè. Níbẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà jókòó sí jẹ́ẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, ara tù wọ́n. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ti jíṣẹ́ tí a rán wọn." Àwọn akọrin dúró lẹ́yìn wọn, Sámúẹ́lì sì wà láàárín. Ó ń la ẹnu bí àwọn tó kù, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ tirẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ó ń wò mí. Inú kò bí i, èyí ló sì ń bà mí lẹ́rù jù.

"Ọ̀dọ̀ rẹ ni ohùn rẹ̀ wà," ni ọkùnrin náà wí. "Gbogbo wákàtí tí o fi í sílẹ̀ ní títàn, ò ń ha á dànù ni."

Mo ní, "Àdúrà ni mo ń gbà sí i."

Ó ní, "Àdúrà lo fi ń bo irọ́ mọ́lẹ̀."

Mo jí. Kọ̀ǹpútà ṣì ń dún. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ, mo gbé e, mo sáré lọ bá Bọ̀dá Kọ́lá. Wọn kò gbìyànjú àtitún un ṣe rárá. Wọ́n ní ohun tó ń kú lọ, ṣe la máa ń yára da inú rẹ̀ kọ sínú tuntun, ibi tó ṣì yè la ó kọ́kọ́ mú, ká tó fọwọ́ kan ibi tó ti bàjẹ́. Wọ́n ní ká ní ọjọ́ tí mo pè ni mo gbé e wá, gbogbo rẹ̀ ni ìbá jáde.

Àkọsílẹ̀ ìrìbọmi jáde, ti ìgbéyàwó náà jáde. Nínú àwọn orin Sámúẹ́lì, kò sí ẹyọ kan tó jáde. Ohun tó kù nínú ohùn rẹ̀ kò ju bíńtín lọ, níbi tí wọ́n ti ń múra orin sílẹ̀, tó ń sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n mu omi."

Àná ni mo lọ kúnlẹ̀ fún Màmá, mo jẹ́wọ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n tún jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ. Mo tún fi í sí i. Wọ́n wá ní, "Dọ̀tun, ọmọ mi ń wá omi." Láti ìgbà yẹn wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, n kò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹnì kan wà níbí tó ti sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Mo ti ṣe é," tí kò tíì ṣe é. Má wo ojú ẹnikẹ́ni. Dìde báyìí, kí o lọ ṣe é. Má dúró de àdúrà ìparí, àwa tó bá kù yóò bá ọ gbà á.