Èémí Mi Ni Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ń Wa Ọkọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó ṣépè fún mi. Ọkùnrin kan wà lẹ́wọ̀n ní Jos níbí, wọ́n ní ó fi ọkọ̀ wíwà ní ìwàkuwà pa ìyàwó ara rẹ̀. Kò pa á. Ẹ̀gbọ́n mi ló pa obìnrin náà. Èmi ni mo ràn án lọ́wọ́, èmi náà ni mo sì lọ fọwọ́ lé Bíbélì ní kóòtù tí mo purọ́.

N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kódà n kò lè sọ ọ́ nínú àdúrà, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ẹnu mi máa ń yà sí. Ǹ bá gbé e wọ sàréè ni, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo ti yí orúkọ gbogbo wa padà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí wa sí. Bàbá wa kú nígbà tí mo ṣì kéré. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Jídé, fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, ó lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà kí èmi lè kàwé di olùkọ́. Nígbà òjò, òun ló máa ń pọ̀n mí kọjá omi ní Dilimi kí aṣọ iléèwé mi má bàa rin. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ èyí láti fi gba àánú. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tó jẹ́ fún mi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ń mutí ni. Ọtí líle tí wọ́n ń pè ní gòskòlò yẹn ló ń mu, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tí bùrùkùtù kò tó mọ́.

Iléèwé àdáni kan ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ láàárọ̀, èmi ni olùkọ́ tó ń jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wa bọ́ọ̀sì náà wọ gọ́tà. A dúpẹ́ pé kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wá wò ó ló gbóòórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀. Màmá tó ni iléèwé ní kó máa lọ sílé.

Ẹ mọ ohun tí àwa Yorùbá máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí. A kó àgbà lẹ́yìn. Àwọn bàbá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa àti ìyá ìjọ lọ bẹ Màmá nínú pálọ̀ rẹ̀, àwọn tí eékún ń dùn náà kúnlẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni Màmá, kò lè rí irun funfun nílẹ̀ kó ní òun ò gbọ́.

Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ọmọ òun tó wà lókè òkun ti sọ fún òun nípa ẹ̀rọ kan tí wọ́n máa ń dè mọ́ ọkọ̀ ẹni tó bá mutí wakọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kò ju fóònù lọ, ó ní ẹnu ṣóńṣó kan. Awakọ̀ á fi ẹnu sí i, á fẹ́ èémí gígùn sínú rẹ̀ láìdánu dúró. Bí kò bá sí ọtí nínú èémí náà, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ọkọ̀ á dáhùn. Bí ọtí bá wà níbẹ̀, iná pupa ni, ọkọ̀ ò ní lọ síbì kankan. Tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà, á tún ké pé kí awakọ̀ fẹ́ òmíràn. Gbogbo rẹ̀ ló ń tọ́jú sínú. Bí táàmù bá parí, ọmọkùnrin kan tó mọ iná ọkọ̀ máa ń wá láti Kuru, á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á wá sọ fún Màmá bí èémí awakọ̀ ti rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ ẹnu ẹni tó fẹ́ ẹ. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó wo ojú àwọn àgbà, ó ní, “Ànti Bọ́lá ni. Òun kì í mutí, kì í purọ́, inú ọkọ̀ ló sì máa ń wà.”

Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́, wọ́n súre. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Níbo ni wọ́n ti ń ní kí àbúrò máa ṣọ́ ẹ̀gbọ́n? Ẹni tí n kò tó pè lórúkọ, òun ni wọ́n ní kí n máa yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Nínú gbogbo orí ewú tó wà níjókòó, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Inú ṣì ń bí mi sí wọn títí dòní. Mo mọ̀ pé ẹ̀bi ara mi ni mo ń wá ẹni tí yóò bá mi pín.

Ó kọ́kọ́ jáwọ́ lóòótọ́. Láràárọ̀ ló ń fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, iná aláwọ̀ ewé á tàn, á wò mí rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìgbà ọyẹ́ ló yí padà. Lọ́jọ́ náà, òtútù mú débi pé omi inú garawa ń gé ni lọ́wọ́. Ó fẹ́ ẹ, iná pupa. Ó tún fẹ́ ẹ, iná pupa. Ó ní, “Bọ́lá, wallahi, mi ò fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ yìí. Tàná ló ṣẹ́ kù lára. Àwọn ọmọ wà lójú títì nínú òtútù. Don Allah, bá mi fẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Mo ní rárá. Lóòótọ́, mo kọ́kọ́ ní rárá. Ló bá sọ̀ kalẹ̀, ó yí wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń tẹ orúnkún rẹ̀ bọ̀ nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó pọ̀n mí, fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi nínú eruku. Mo já ẹ̀rọ náà gbà kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. Mo fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ dáhùn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré náà kò parí mọ́. Nígbà tó yá, kò bẹ̀ mí mọ́, á kàn na ẹ̀rọ náà sí mi bí ìgbà tí ènìyàn ń na ife omi síni. Tó bá ké lójú ọ̀nà, èmi náà ni. Àwọn ọmọ ń pè é ní fèrè Ànti. Ọmọkùnrin tó ń wá láti Kuru wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, “Mummy, your driver clean pass pastor.” Màmá yìn mí níwájú gbogbo olùkọ́. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ẹ ò rí irú ènìyàn tí mo jẹ́?

Ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, a ń ti Dadin Kowa bọ̀, kurukuru ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà. Mo rí i tí ojú ẹ̀gbọ́n mi ń wálẹ̀. Mo pè é, ó ní òun ò sùn. Ọkọ̀ wa yà sí ọwọ́ òdìkejì, ibi tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ti ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń wà á ń jẹ́ Ayuba, ìyàwó rẹ̀ ló gbé sẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ náà yí gbirigbiri. Kò sí ohun tó ṣe àwọn ọmọ tiwa. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ayuba ń pariwo lójú títì, “Ya sha giya! Ya sha giya!” Ó ń sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ti mutí. Ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ obì lẹ́nu kí òórùn ọtí má bàa jáde. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi máa dé, oòrùn ti ga.

Wọ́n bi Ayuba bóyá òun náà mutí. Òtítọ́ ló pa á. Ó ní òun mu bùrùkùtù níbi ìsìnkú kan lọ́jọ́ tó ṣáájú. Wọ́n so ẹ̀rọ tiwa mọ́ kọ̀ǹpútà, ó mọ́ tónítóní láti òwúrọ̀ títí dé ìṣẹ́jú tí a kọlura. Ọlọ́pàá kan ní, “Machine no dey lie.” Wọ́n wá kọjú sí mi. “Madam, you sit down for inside. The man drink?”

Mo ní kò mutí. Mo ní kẹ̀kẹ́ ló yà sí ọwọ́ wa. Ohun kan náà ni mo sọ ní kóòtù, Ayuba sì ń wò mí. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó rò pé n ó ṣì rántí ọ̀rọ̀ kan tí mo gbàgbé, títí wọ́n fi mú un lọ. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Níwájú mi ni wọ́n ti gé ìka tí kò ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n sì fi gé e.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò fi jáwọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀ràn náà dè mí mọ́lẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń mu ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí n kò bá fẹ́ ẹ, iná pupa á tàn láràárọ̀, wọ́n á bèèrè ohun tó mú awakọ̀ tó mọ́ ju pásítọ̀ lọ yí padà lójijì, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sẹ́yìn. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní, “Haba, Bọ́lá. Kí ni n ó máa jẹ? Ṣé ìwọ náà fẹ́ lé mi ni?” Ó sunkún. Mo bá a sunkún. Ilẹ̀ mọ́, mo fẹ́ ẹ.

Ayuba ní ọmọbìnrin kan, Rifkatu. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Arúgbó náà kì í jẹ́ kí wọ́n dárúkọ Ayuba nílé òun, kò sì jẹ́ kí ọmọ náà lọ wò ó lẹ́wọ̀n. Ó ti sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ló mutí pa ìyá rẹ̀. Màmá oníléèwé gbọ́ ìròyìn ọmọ náà, àánú ṣe é, ó ní kó wá máa kàwé lọ́dọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí bọ́ọ̀sì máa gbé e. Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ inú ọkọ̀.

Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi gan-an ló máa ń jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo gíláàsì tó ń fi ẹ̀yìn hàn mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òtútù ṣe mí, ikọ́ dè mí láyà. Mo fẹ́ ẹ̀rọ náà, ikọ́ gé èémí mi sí méjì, ọkọ̀ kò dáhùn. Mo tún fẹ́ ẹ, bákan náà. Àwọn ọmọ ti ń kùn pé àwọn á pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo iwájú. Ni mo bá gbóhùn ọmọdé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi: “Anti, kawo in busa miki.” Ó ní kí n gbé e wá, kí òun bá mi fẹ́ ẹ. Rifkatu ni.

Mo fún un. Ẹ gbọ́ mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fa èémí sínú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó fẹ́ ẹ gígùn, ó dúró sójú kan, ó dára ju tèmi lọ. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Yauwa, ọmọ dáadáa,” láìyíjú padà. Òórùn gòskòlò ló bá ọ̀rọ̀ náà jáde.

Láti ọjọ́ náà, Rifkatu kò gbà kí n fẹ́ ẹ mọ́. Ó ní kí n sinmi títí ara mi á fi yá. Á sáré wọlé kí ọmọ mìíràn tó dé ibẹ̀, á na ọwọ́. Ó ti ń fi ṣe fáàrí fún ìyá àgbà rẹ̀ pé òun ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀sì lọ.

Mo ti ṣàlàyé fún un nígbà kan rí pé ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí ọ̀mùtí wakọ̀. Lánàá, bó ti fẹ́ ẹ tán, ó bi mí pé ká ní irú rẹ̀ wà nínú kẹ̀kẹ́ bàbá òun ńkọ́, ṣé ìyá òun ì bá ṣì wà láàyè.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Bí mo bá sọ òtítọ́, ẹni tó tọ́ mi dàgbà ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sẹ́wọ̀n, èmi náà á sì tẹ̀lé e. Bí n kò bá sọ ọ́, Ayuba á kú síbẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn ọmọ á ti máa dúró dè wá lójú títì tí ilẹ̀ bá mọ́, Rifkatu ló sì máa ń kọ́kọ́ dé.