Àwọn Tí Mo Dáhùn Lórúkọ Wọn

Ẹ̀yin ará mi nínú ilé àdúrà yìí, alàgbà méjì ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí n má sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí pé yóò tàbùkù ìjọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Ẹni tó fi ìran kan hàn mí kò ní kí n gbé e pamọ́.

Inú ìjọ yìí ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, ní kíláàsì ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí kò sí ẹni tó lè rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin náà lẹ gbọ́wọ́ lé mi lórí nígbà tí mo wọ yunifásítì ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta láti kọ́ mánéjímẹ́ǹtì, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé là ń lọ sí kíláàsì. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, èmi ni ọ̀gá àwọn tó ń fọṣọ tí wọ́n sì ń nulẹ̀ ní ọsibítù. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa pè mí ní Ìyá Àgbà, èmi náà a sì máa dá wọn lóhùn pé ìyá àgbà yín ló gba máàkì jù yín lọ.

Iṣẹ́ àṣekágbá nìkan ló kù. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù wa ṣe rí ọ̀gá wọn sí ni mo kọ ọ́ lé lórí. Ọgọ́ta ìwé ìbéèrè ló yẹ kí n pín fún àwọn tí mò ń darí, kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn. N kò pín ẹyọ kan. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo ṣí ìwé orúkọ òṣìṣẹ́, mo sì dáhùn fún gbogbo wọn. Mo lo bírò búlúù, mo lo dúdú, mo fi ọwọ́ òsì kọ òmíràn kó má baà jọra. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ọ̀gá wọn ń gbọ́ tiwọn, mo kọ ọ́ pé ó ń gbọ́ gidigidi. Ọ̀gá náà, èmi ni. Bí ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, n kò sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo fẹ́ kó iṣẹ́ náà fún olùkọ́, kí n lè bá ẹgbẹ́ mi gboyè, kí wọ́n sì sọ mí di igbákejì alákòóso ọsibítù.

Ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, mo yà síbí lẹ́yìn kíláàsì òwúrọ̀ láti dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ka Sáàmù, mo gbàdúrà títí ohùn mi fi há. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan dúró tì mí nínú aṣọ funfun. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dìde kí n wá wo ilé ẹ̀kọ́ tí kì í ṣíwọ́. Ọ̀nà náà ń lọ sísàlẹ̀, ooru ń pọ̀ sí i, títí a fi wọ gbọ̀ngàn kan tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀.

Mo rí ọkùnrin kan lórí bẹ́ńṣì irin tó pọ́n bí ẹyin iná. Ó ń gbìyànjú láti dìde, bẹ́ńṣì náà kò jẹ́.

Afọ̀nàhàn mi ní, "Kíláàsì ló ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ, ilé àlè ló ń lọ. Ó ti rí kíláàsì báyìí."

Mo rí obìnrin kan tó ń fún aṣọ tútù, iná ló ń kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò omi, aṣọ náà kò sì tán. Afọ̀nàhàn mi ní obìnrin náà fi ìsinmi du àwọn tó ń sìn ín.

A wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó la ẹnu sílẹ̀ tí wọn kò lè pa á dé, ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jáde lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ohùn ọkùnrin, ohùn obìnrin, gbogbo wọn ń ké pé èmi kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì rí àga kan tó ṣófo, orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ọgọ́ta ìwé mi wà níwájú rẹ̀, búlúù àti dúdú, mo yí padà kí n sá, ilẹ̀ ń fà mí, mo rí i pé mo ti ń jókòó, mo fẹ́ ké Jésù, ẹnu mi là, kò pa dé, ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi.

Afọ̀nàhàn mi gbá ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Kò tíì di Mọ́ńdè."

Ó fà mí jáde, ó mú mi gòkè lọ síbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́. Àwọn ènìyàn jókòó níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń rán wọn níṣẹ́. Mo rí Màmá Dọ́káàsì láàárín wọn, ẹni tó ń nulẹ̀ yàrá ìgbẹ̀bí wa, tó kú ní oṣù méjì ṣáájú. Nígbà ayé rẹ̀, oògùn ìnulẹ̀ bó o lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tọrọ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi, mo ní kó ní sùúrù. Ọwọ́ náà ti ń dán báyìí. Wọn kò tíì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé wa, mo sì ti dáhùn fún òun náà.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní mo ti di akọ̀wé. Kí ni mo sọ nípa yín?"

Mo dorí kodò, mo sọ fún un pé ó ní mò ń gbọ́ tòun gidigidi.

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rín. "Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá sọ fún yín. Ẹ ò bi mí torí ẹ ti mọ ohun tí mo máa sọ."

Mo wólẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé òun ti dárí jì mí kí òun tó kúrò láyé, ṣùgbọ́n ó ku àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Mo jí. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé, aṣọ mi tutù pẹ̀lú òógùn.

Ní Mọ́ńdè, mo sọ fún olùkọ́ mi pé n kò ní kó iṣẹ́ náà fún un mọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní màmá, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, ta ni yóò bi yín?

Mo ní, "Sà, ẹni tó máa bi mí ti bi mí."

Ó ní ọdún kan gbáko ni mo fi ṣòfò yẹn, pé n kò ní bá ẹgbẹ́ mi gboyè mọ́. Ẹlòmíràn ti gba ipò igbákejì alákòóso. Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ iṣẹ́ náà, bí ó bá sì tún di àárọ̀ Mọ́ńdè, n ó yọ ọ́. Mo ti pín ìwé ìbéèrè náà fún àwọn tó ni í. Ohun tí wọ́n kọ nípa mi kò dùn, n kò sì pa ọ̀kan rẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín, kó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o bá ti sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ọ̀gá, ìbáà ṣe alàgbà, ìbáà ṣe ọkọ nínú ilé, lọ bá onítọ̀hún lónìí kí o bi í, kí o sì jókòó gbọ́ ọ títí yóò fi sọ tán. Èmi ní ẹnì kan tí n kò lè bi mọ́ láyé yìí.