Ṣọ́ọ̀lù Mummy Peggy

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá mi sí. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà láyà mi bí òkúta. Ẹrù kékeré kan tí mo gbà lánàá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́.

Èmi nìkan ni mo ń gbé ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ń gbálẹ̀ ní Woolwich, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Plumstead, mo ń padà sílé. Kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn mi. Òwú híhun tí mo kọ́ lẹ́gbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì nílé ni ẹnìkejì mi.

Nígbà tí mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, mo kó òwú àti abẹ́rẹ́ mi lọ sí etí òkun ní Margate. Bí mo ṣe ń hun lórí bẹ́ǹṣì, màmá òyìnbó kan jókòó tì mí, ó fa òwú tirẹ̀ yọ. Peggy lorúkọ rẹ̀. Ojoojúmọ́ la ń pàdé. Mo ń pè é ní Mummy, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ọmọ tí mo bí kì í kọ lẹ́tà sí mi. Ṣé ìwọ á máa kọ?”

Mo ní màá máa kọ.

Ìyàwó ọmọ náà lóyún. Mummy ń hun ṣọ́ọ̀lù funfun fún ọmọ tó ń bọ̀, ó gbà pé ìyẹn ni yóò mú wọn padà wá. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti wú. Ó bẹ̀ mí kí n gbé e lọ sílé, kí n bá òun parí etí rẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ padà sí òun.

Mo parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó wòlíì wa bímọ, n kò sì ní ẹ̀bùn kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Mo gbé ṣọ́ọ̀lù náà lọ. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo jẹ́rìí pé Ẹ̀mí ló fi hàn mí lójú ìran. Mo purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ìjọ kígbe Alelúyà, wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù náà wé ọmọ náà lára níwájú pẹpẹ. Ta ló lè tọrọ ohun tó ti débẹ̀ padà?

Láti ìgbà náà ni àwọn arábìnrin ti ń kan ilẹ̀kùn mi, kí n wá kọ́ wọn. Mummy Aríran ni wọ́n ń pè mí. Bí wọ́n bá ti lọ, ilé náà tún dá páro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mummy Peggy kọ lẹ́tà mẹ́ta sí mi. N kò fèsì. Òwú funfun ló wà nínú ẹrù àná, pẹ̀lú ìwé pélébé kan: “Bóyá òwú ló tán lọ́wọ́ rẹ. Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ọmọ-ọmọ mi ti ń rìn. Wọn kò tíì mú un wá.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé iwájú ìjọ ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí i. “Mummy” nìkan ni mo rí kọ.