Orúkọ Ọkọ Mi Lára Òkúta Yín

Ẹ gbé tíì yín sílẹ̀, Ìyá Janelle, mi ò wá mu tíì. Mo mọ̀ pé oòrùn mú, mo mọ̀ pé ojú mi ti pọ́n, ẹ jẹ́ kó pọ́n, kì í ṣe oòrùn Tucson ló fà á. Màá jókòó, torí orúnkún mi ni màá ṣe jókòó, ẹ má rò pé ọ̀rẹ́ ni mo wá bá yín ṣe. Èmi ni Verna. Ẹ mọ̀ mí. Àbí ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹ ò mọ ẹni tí Delbert fẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀yin àti òun kọ ara yín sílẹ̀? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fọ ṣòkòtò ọkùnrin yẹn, tí mò ń se ẹ̀wà rẹ̀ láìfi àlùbọ́sà sí i, torí àlùbọ́sà máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kí lẹ wí? Kò yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tiyín? Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ bá mi fi ìyẹn náà kún un.

Janelle ló júwe ilé yín fún mi, ẹ má bá ọmọ yín jà, mo ní mo fẹ́ kí yín ni. Mo sì fẹ́ fojú ara mi rí yín. Wọ́n ní ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún, irun yín ṣe wá dúdú báyìí? Ṣé ẹ ń pa á láró ni, àbí bí Ọlọ́run ṣe ṣe é nìyẹn? Ẹ má dáhùn. Tó bá jẹ́ Ọlọ́run ni, mi ò fẹ́ gbọ́.

Ohun tó gbé mi wá kò pọ̀. Orúkọ ọkọ mi wà lára òkúta ibojì yín, mo fẹ́ kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ ń wò mí. Ẹ rò pé mi ò lè mọ̀ láéláé ni? Mo mọ̀. Àná ni mo mọ̀, mo fẹsẹ̀ mi méjèèjì dúró níwájú rẹ̀ ní itẹ́ òkú, mo ka orúkọ ọkọ mi tó ṣì wà láàyè lára òkúta: Delbert Amos Haskett. Ọdún tí wọ́n bí i wà níbẹ̀, wọ́n fi àyè ọdún ikú rẹ̀ sílẹ̀. Ta ló wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ṣé Verna ni? Corinne ni! Ẹ̀yin! Ìyáálé tí mi ò mọ̀ pé mo ní! Wọ́n tún wá gbẹ́ ẹyẹ àparò méjì sókè rẹ̀ tí wọ́n ń wojú ara wọn, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé, A JỌ WÀ TÍTÍ LÁÉ. Títí láé, Ìyá Janelle! Ẹ̀yin tí ẹ ò jọ wà ju ọdún mẹ́rìnlá lọ!

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó dùn mí dé. Ẹ mọ òtútù North Platte, ìlú wa, ẹ ti gbébẹ̀ rí. Yìnyín á dí ẹnu ọ̀nà, Delbert á gbé ṣọ́bìrì, ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ àyà rẹ̀ láti inú ilé ìdáná. Dókítà ní tó bá tún fi ọdún kan kó yìnyín sí i, kó má wá bá òun mọ́. La bá ní ká tilẹ̀kùn ilé, ká lọ lo ìyókù ayé wa ní aginjù Arizona, níbi tí yìnyín ò ti mọ̀nà. Ìlú méjì la mú. Èmi mú Yuma, òun mú Tucson. Mo ní, Delbert, ìyá Janelle wà ní Tucson. Ó ní ìlú ńlá ni, pé èèyàn lè gbébẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kó má ṣe kan ẹni tó mọ̀. Mo gbà. Ẹ̀ ń gbọ́ bí mo ṣe jẹ́ ọmọlúàbí tó? Mo gbà pé ká lọ wo ìlú méjèèjì, ká wá mú èyí tó bá wù wá.

Yuma la kọ́kọ́ dé. Opal wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé fún ogún ọdún. Ó mú wa rìn létí odò, ó mú wa dé ibi tí àwọn àgbàlagbà ti ń jó lọ́jọ́ Sátidé, mo jó títí orúnkún mi fi ní ó tó. Ọkùnrin yẹn kò rí nǹkan kan tó dáa níbẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ó ní oko ẹ̀fọ́ lásán ni wọ́n fi yí ìlú ká. Ó ní omi wọn ń ta bí ìṣó lẹ́nu. Ẹni tó fi ọdún méjìdínlógójì ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, tó ń mu kọfí inú agolo, òun ló wá ń tọ́ omi wò!

A wá dé Tucson. Háà. Delbert tó máa ń ṣìnà láàárín ilé wa àti ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ ìlú yín, kò wo máàpù. Ó yà sósì, ó yà sọ́tùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀nà, bí ẹni tẹ́ ẹ ti ń mú wá sí ìlú yín tipẹ́. Ó dúró lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta tàmálè, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé, ní títì, ó sì bá a sọ èdè Sípéènì! Àní ó béèrè àwọn ọmọ obìnrin yẹn! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bá a sùn tá a jọ jí, mi ò mọ̀ pé ó gbọ́ èdè kankan yàtọ̀ sí ti bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Ta ló kọ́ ọ? Ẹ̀yin ni. Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ń wolẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárọ̀. Ó ní òun ń lọ wo ilé tá a máa rà. Mo ní kí n tẹ̀lé e, ó ní oòrùn á pa mí. Ó máa ń tó wákàtí méjì kó tó dé, tí mo bá bi í pé ilé ńkọ́, á ní òrùlé ẹ̀ ò dáa. Gbogbo òrùlé Tucson ò dáa, ẹ̀yin náà ẹ wò ó!

Níjẹta, mo fẹ́ fọ aṣọ rẹ̀, mo bá lẹ́tà kan nínú àpò. Ọ́fíìsì itẹ́ òkú ló kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sí Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Haskett, pé kí àwọn tó ni ilẹ̀ ibojì báyìí báyìí, ní ìlà báyìí báyìí, jọ wá fọwọ́ sí ìwé. Ìyá Janelle, ta ni Ìyáàfin Haskett? Ẹ dáhùn èyí. Èmi ni! Èmi ni mo ń jẹ́ ẹ, ẹ̀yin ti padà sórí orúkọ bàbá yín. Mo ní, háà, Delbert ti ra ibi tá a máa sùn sí fún èmi àtòun, ó fẹ́ fi ṣe mí ní kàyéfì ni. Inú mi dùn. Kí n má purọ́ fún yín, omi bọ́ lójú mi. Òun tí kò rántí ọjọ́ ìbí mi rí láìjẹ́ pé Janelle rán an létí! Mi ò sọ fún un. Lánàá tó jáde, mo wọ aṣọ búlúù mi, mo kun ètè, mo gbé takisí lọ wo ibojì ara mi.

Mo kun ètè, Ìyá Janelle. Mo lọ ka orúkọ yín.

Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa nìyẹn. Tọkọtaya á ra ilẹ̀, wọ́n á ní kí agbẹ́kùúta kọ orúkọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ikú á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí èyí tó kù. Bàbá mi àti ìyá mi ṣe é, wọ́n tún máa ń lọ jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ dé iwájú adájọ́, ẹ pín ilé, ẹ pín mọ́tò, wọ́n ní ẹ pín ajá pàápàá, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò rántí òkúta? Ẹ gbàgbé? Èèyàn máa ń gbàgbé agboòrùn sílé onílé, ta ló ń gbàgbé ọkọ sínú ibojì?

Owú ni. Ẹ má wulẹ̀ bá mi wá orúkọ míì fún un. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, ẹ wá wò mí, ibo ni mi ò ti lẹ́ran? Síbẹ̀ mò ń jowú yín. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn ni mo ti ń jowú yín, tí mo bá àmì ìṣó ibi tí ẹ gbé àwòrán yín kọ́ sí, tí mo kun ògiri lẹ́ẹ̀mẹta tí àmì ọ̀hún ò lọ. Mo ní kò burú, ìgbà èwe rẹ̀ ló lò lọ́dọ̀ yín, èmi ni màá lo ìgbà ogbó rẹ̀. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn. Ẹ̀yin gba orí tó nírun, èmi gba pípá. Mo wá rí i lánàá pé ẹ̀yin náà lẹ tún ni òkú rẹ̀! Kí ló wá kù fún mi? Àyà tó ń hó? Ṣé àwa là ń tọ́jú ọkọ fún yín ni, kẹ́ ẹ wá gbà á nígbà tó bá ti rọlẹ̀?

Ibo lẹ ń lọ? Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ mi.

Ìwé wo nìyẹn? Mi ò mú awò ojú mi dání, torí ìbínú ni mo fi jáde. Ẹ kà á.

Ẹ tún un kà. Ẹ rọra.

Verna Louise Haskett. Orúkọ mi lẹ kà yẹn? Pé ẹ̀yin Corinne yọ̀ǹda ààbọ̀ ilẹ̀ ibojì tiyín, kó di tèmi? Kí agbẹ́kùúta sì fá orúkọ yín kúrò, kó kọ tèmi síbẹ̀? Ta ló ní kí wọ́n tẹ ìwé yìí? Delbert?

Kí ló wá dé tí ẹ ò tíì fọwọ́ sí i?

Ẹ ní kí èmi fúnra mi kọ́kọ́ mọ̀ ná. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò ní gbé ibùsùn yín fún obìnrin tí kò mọ̀ pé wọ́n ń gbé e fún òun. Òun wá ń bẹ̀ yín, pé tí Verna bá gbọ́, Verna á fa ilé ya. Àbí ẹ ò rí i! Ọkùnrin yẹn mọ̀ mí, ó mà mọ̀ mí o! Ó fẹ́ kí orúkọ mi ti wà lára òkúta kí n tó débẹ̀. Ó ń sáré kiri inú oòrùn torí ibi tí màá sùn sí, mo wá ń ka òrùlé fún un! Ẹ má wò mí, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé tíì yẹn wá. Ó dùn. Kí lẹ fi sí i, ọsàn wẹ́wẹ́? Ó dùn.

Ẹ dúró ná. Ó ń bẹ̀ yín níbo?

Níbí? Ẹ̀ẹ̀mélòó? Ẹ̀ẹ̀mẹta! Orí àga wo? Ṣé kì í ṣe èyí? Ẹ jẹ́ kí n dìde. Kí lẹ fún un jẹ? Ẹ̀wà! Ṣé àlùbọ́sà wà nínú ẹ̀? Ó sì jẹ ẹ́ tán?

Ó ti tó. Mo ti mú ìlú. Yuma la máa gbé, kó lọ máa mu omi ìṣó. Mi ò lè gbé ìlú tí ọwọ́ ọkọ mi ti mọ̀nà ilé yín. Tí ọjọ́ bá pé, kí wọ́n gbé wa wá síbí, torí òkú kì í wakọ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni. Bírò yín rèé. Ẹ fọwọ́ sí i. Níbẹ̀ yẹn. Ẹ ṣeun, Ìyá Janelle, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ṣeun. Obìnrin míì kò ní ṣe é.

Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ibo ni wọ́n máa tẹ́ yín sí? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín?

Kí wọ́n dáná sun òkú yín? Kí Janelle wá gbé eérú yín lọ dà sórí òkè? Òkè wo? Èyí tó wà níwájú itẹ́ òkú yẹn? Mo dúró níbẹ̀ lánàá, Ìyá Janelle. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti orí òkè ọ̀hún gba fìlà lórí mi, orí òkúta Delbert ló sọ ọ́ sí.

Rárá o. Òkè pọ̀ ní Arizona. Ẹ wá òmíràn.