Bí Ọlọ́run Ṣe Fi Ẹnu Àwọn Ará Ilé Ọkọ Mi Tún Áàpù Mi Ṣe

Ìjọ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná. Ẹni tó jí mi láàárọ̀ yìí, tí orúnkún mi ṣì ń ká, tó tún fi orin sí mi lẹ́nu, Òun ni mo wá kí. Ẹ bá mi sọ fún un pé ó ṣeun! Ẹ tún un sọ, kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́. Halelúyà!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí. Mọ́mì Dáre, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkè-Ìlá ni mo ti ń kọ́ wọn títí ilé ẹ̀kọ́ náà fi kógbá wọlé. Mo bá jókòó sílé. Ẹni tó ti ń pariwo "ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́" láti àárọ̀ dọ̀sán, tí ilé wá dákẹ́ mọ́ ọn lórí lójijì, ẹ ò lè mọ bó ṣe máa ń rí. Ibi gbogbo tí mo wáṣẹ́ dé, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Mọ́mì, ẹ lọ sinmi." Ṣé mo sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí ni?

Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé àwọn kan ń kọ́ni ní iṣẹ́ kan ní ìgboro Adó níbí, Yú-Ẹ́kìsì ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Kí áàpù tàbí wẹ́ẹ̀bù tó dé orí fóònù yín, ẹnìkan ní láti jókòó rò ó: ta ló máa lò ó? Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ibo ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ, kí ni ìka rẹ̀ máa tẹ̀? Ẹni náà á ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, á gbé e fún àwọn èèyàn lò, á máa ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀, á sì tún ibẹ̀ ṣe. Mo ní, áà! Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà náà nìyí? Ṣebí ojú ọmọ la fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ti yé e. Mo bá wọlé síbẹ̀. Gbogbo ọmọ tí mo bá ní kíláàsì, mo lè bí wọn. Tọ́lá tó ń kọ́ wa gan-an, ẹgbẹ́ Dáre àkọ́bí mi ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kà mí sí o. Ìjókòó abẹ́ fáànù, tèmi ni.

Ẹ wá gbọ́. Ní ìparí ẹ̀kọ́, oníkálukú ni yóò dá áàpù tirẹ̀ ṣe. Ilé-iṣẹ́ kan nílùú yìí ti ṣèlérí pé àwọn máa gba ẹni tó bá yege. Tọ́lá sì ti là á mọ́lẹ̀: wọ́n máa gbé áàpù yín fún ẹni tí kò rí i rí, bí kò bá lè lò ó láìsí atọ́nà, ibẹ̀ náà ló parí sí nìyẹn.

Èmi yan áàpù tí aláboyún á fi máa mú ọjọ́ tó fẹ́ lọ rí nọ́ọ̀sì, kó má di pé wọ́n ń gbé oyún lọ dúró nínú oòrùn. Mo yà á, ó dùn ún wò. Mo gbé e lọ bá àwọn aláboyún àdúgbò wa. Àkọ́kọ́ gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dúró, ló bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù padà fún mi, orúnkún ti ń wálẹ̀. "Ó dáa gan-an, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà." Èkejì ní, "Ó rẹwà, Mọ́mì." Ẹlòmíràn tilẹ̀ gbàdúrà fún mi. Inú mi dùn, mo ń yan bọ̀ nílé bí ẹni tó ti gba iṣẹ́.

Nígbà tí Tọ́lá wo kọ̀ǹpútà tó ń fi ibi tí ìka kálukú dé hàn, ó mí kanlẹ̀.

"Mọ́mì, kò sẹ́ni tó mú ọjọ́ kankan nínú wọn. Ojú ewé kejì ni gbogbo wọn ti dúró."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó dáa!"

"Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, mà."

Ó ní kí n lọ wádìí ohun tó dá wọn dúró, nítorí àṣekágbá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo padà lọ bá wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ òótọ́ fún mi. "Kò sí nǹkan kan, mà." Ta ló máa wojú ìyá àgbà kó ní iṣẹ́ ẹ ò dáa? Àwọn kan nínú wọn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kí àgbà!

Ìjọ, inú ilé yìí ni mo sá wá. Ẹ rí mi níbí lọ́jọ́ ìpàdé àdúrà, ẹ kàn rò pé ọ̀fìnkìn ló ń dà mí láàmú ni. Mo ní, "Olúwa, gbogbo ayé ń yìn mí, mo sì ń rì. Rán ẹni tó máa sọ òótọ́ sí mi. Kódà bó bá jẹ́ èébú, mo fara mọ́ ọn." Ẹ máa ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ ń tọrọ o!

Mi ò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí Bàbá Dáre fi pè mí. Wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ ní Ìjan, ìlú ọkọ mi, lọ́jọ́ kejì, ẹbí ní kí ìyàwó tètè wá dáná. Inú bí mi. Àsìkò wo lèyí? Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹbí pé òun ń ya áàpù? Mo lọ.

Ẹ̀yin ará Èkìtì mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní Adó, Mọ́mì ni mí, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún mi. Bí mo bá ti wọ Ìjan báyìí, ìyàwó ni mí. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú agbo ilé yẹn ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé, ọkọ mi ni, ì báà ṣe obìnrin, ì báà ṣe ẹni tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ. Wọ́n sì lè sọ ohun tó bá wù wọ́n sí iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó. Iyán rẹ ní kókó. Ọbẹ̀ rẹ ṣàn jù.

Bọ́sẹ̀, àbúrò ọkọ mi, ọmọ ìrákòrò ni nígbà tí mo wọlé. Lọ́jọ́ náà, oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń wò mí.

"Ìyàwó, kí lò ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí iyán ń tutù?"

"Iṣẹ́ tí mò ń kọ́ ni, ọkọ mi."

"Uṣẹ́ wo? Gbé e wá."

Nǹkan kan sọ fún mi pé kí n gbé e fún un. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fi igbe ta.

"Ẹ wá wo ìyàwó yín o! Kò kí mi, kò bèèrè àlàáfíà mi, ọmọ mélòó ni mo bí ló ń bi mí! Ó tún ní mélòó ló yè níbẹ̀!"

Ìyá àgbà kan tó ń gé ẹran dá ọ̀bẹ dúró. "Ó ní kí ló yè? Olúwa má jẹ̀ẹ́! Ìyàwó, ta ní í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

"Ẹ tún wo ibi tó ní kí n tẹ̀, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀! Aláboyún ló ní kó máa tẹ ẹ̀jẹ̀! Ìyàwó, ṣé orí rẹ pé?"

Ni wọ́n bá ń gbé fóònù náà káàkiri bí àwo ẹran, kò sẹ́ni tí kò bù ú jẹ. Ẹnìkan ní lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ìdin. Ẹnìkan ní ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Èmi ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú mi, mo ń pariwo, "Ẹ máa bú mi lọ, ẹ̀yin ọkọ mi! Ẹ má dákẹ́!" Ìyá àgbà yẹn rọra bi Bọ́sẹ̀ pé, "Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ìyàwó yìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú káàdì ilé ìwòsàn ni mo ti da àwọn ìbéèrè yẹn kọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ kí ọ, á fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, á rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó béèrè. Fóònù ò mọ ohùn rọ̀. Mo yọ kíka ọmọ kúrò, mo fi sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì láti béèrè lójúkojú. Mo sọ pupa di àwọ̀ ewé. Mo mú lẹ́tà tóbi. Mo fi ìkíni ṣáájú ohun gbogbo, mo sì fi àdúrà kádìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, Tọ́lá kó àwọn aláboyún tí mi ò mọ̀ rí wá. Mo bẹ̀ ẹ́ kí n dúró síta, kí ẹnikẹ́ni má baà rí irun funfun mi kó máa kúnlẹ̀. Ojú fèrèsé ni mo ti ń yọjú. Obìnrin àkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, kò dúró. Ó mú ọjọ́. Fóònù bá gbé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jáde: "A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ." Obìnrin náà ké sókè, "Àmín!" Ó wá rántí pé fóònù lòun ń dá lóhùn, ló bá fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀ lé e ní, "Àmín, lórúkọ Jésù!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ títí ó fi kan ẹni ìkẹyìn. Tọ́lá jáde sí mi, ó ní, "Mọ́mì, gbogbo wọn ló mú ọjọ́." Ijó tí mo jó lẹ́nu ọ̀nà yẹn, bàtà mi kan ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí!

Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ o. Èmi tí wọ́n ní kí n lọ sinmi! Ìwọ tí gbogbo èèyàn ń pọ́n lé tí ọ̀nà ò sì là, Ọlọ́run á fi ẹni tó máa sọ òótọ́ ṣọwọ́ sí ọ, wàá sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Ògo ni fún Un, kì í ṣe fún ọgbọ́n orí mi. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀! Ẹ̀yin ọkọ mi tẹ́ ẹ bá mi wá láti Ìjan, ẹ bọ́ síwájú. Bí mo bá ń jó tí ẹsẹ̀ mi ò bá orin lọ, ẹ má bọ̀wọ̀ fún mi o. Ẹ sọ ọ́!