Ilé Epo Tí Wọ́n Torí Ẹ̀ Fọ́ Ojú Ọkọ Mi

Ẹ má sọ fún mi pé kí n jókòó, Bọ̀dá Lawrence, mi ò jókòó, torí bí mo bá jókòó ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti rọlẹ̀ nínú mi, kò sì rọlẹ̀. Ẹ wá láti Oǹdó, ẹ kú ìrìn, ẹ ṣeun, ọmọ ìyá mi ni yín, ọmú kan náà la jọ mu, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ gbé wá yẹn, ẹ gbé e padà sínú mọ́tò yín. Kí èmi Àbíkẹ́ lọ kúnlẹ̀ bẹ Oyèníyì. Èmi. Kí n lọ bẹ ẹni tó fi ọ̀pá irin fọ́ ojú ọkọ mi, kí n sì yọ ẹjọ́ kúrò ní kóòtù, kí Ọlọ́runfúnmi lè ráyè kọ́ ilé epo rẹ̀ parí. Ta ló ronú kan irú ìmọ̀ràn yẹn?

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹnu Ọláwuyì lẹ ti gbọ́ ọ, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ilé kíkọ́ ní káńsù, ọ̀rẹ́ yín láti kékeré, mo sì mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa ń dùn tó tó bá fẹ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ẹ mọ ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Isikan níbí. Ẹ ti fẹsẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́ nígbà tí à ń sọ Ìníolúwa lórúkọ, ibẹ̀ la ta àtíbàbà sí. Láàárín ilẹ̀ yẹn àti yàrá tí mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí, ògiri kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Ọdún tí wọ́n wá yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, tí gbogbo nǹkan gbóná bí ẹyín iná, tí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọ́jà Ọba bọ́ lọ́wọ́ mi tí mo kó iṣẹ́ wálé, ọdún yẹn náà ni Ọlọ́runfúnmi ra ilẹ̀ náà, ó ní ilé epo lòun fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ilé epo, Bọ̀dá. Kí táńkì bẹntiróòlù wà nínú ilẹ̀ níbi tí mo ń jókòó ránṣọ. Ìyàwó Oyèníyì ń dáná igi lẹ́yìnkùlé tiwọn lódì kejì, gbogbo wa la ti padà sídìí igi torí gáàsì ò ṣeé rà mọ́, iná igi níhìn-ín, bẹntiróòlù lọ́hùn-ún. Ṣé orí ẹni tó ro irú èrò bẹ́ẹ̀ pé?

Gbogbo àdúgbò la dìde, a ní a ò fẹ́. Ta ló sì kọ́kọ́ dìde? Oyèníyì ni. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe Kọ́ládé ọkọ mi. Oyèníyì tí ilé tiẹ̀ náà kan ilẹ̀ yẹn, òun ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, òun ló ní ká má gbà láéláé, òun ló ní kí ìgbìmọ̀ wá fojú ara wọn rí i. Wọ́n sì wá. Ọláwuyì alára wá, orí àga tẹ́ ẹ jókòó lé yìí ló jókòó lé, ó wo ògiri, ó wo ibi ìdáná, ó mirí, ó ní, "Ìyàwó wa, ilé epo ò lè wà níbí." Ó mu omi mi. Nígbà tí wọ́n sì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní káńsù, wọ́n ní àwọn ò fún Ọlọ́runfúnmi láṣẹ. À ń kọrin bọ̀ wálé ni lọ́jọ́ náà. Mo se ẹ̀wà, gbogbo ilé jẹ, Oyèníyì àtìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́ yó nínú àgbàlá mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, a gbọ́ pé Ọlọ́runfúnmi ti gbé ọ̀rọ̀ náà padà lọ bá wọn. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ máa tún un gbọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kí gbogbo ẹni tó bá lọ́rọ̀ wá sọ ọ́. A ò bẹ̀rù. Kí ló wà níbẹ̀ tá a máa bẹ̀rù? Ògiri ò kúkú tíì rìn kúrò níbi tó wà. Kọ́ládé wọ agbádá rẹ̀, èmi náà múra, àwa aládùúgbò tò lọ bí ẹni ń lọ sọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tá a dé káńsù, ilẹ̀kùn wà ní títì. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló wò wá títí, ó ní, "Ìpàdé wo lẹ wá ṣe? Ìjẹta ni wọ́n ti ṣe é." Ìjẹta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti jókòó, wọ́n ti nawọ́ sókè, wọ́n ti fún un láṣẹ, ẹnì kan sì ti dúró lórúkọ gbogbo àdúgbò pé a ti rò ó, a ti gbà, pé ilé epo máa fún àwọn ọmọ wa níṣẹ́.

Oyèníyì ni.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ebi ni. Ebi ni lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ pákó tó wà lọ́nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ti lé e dànù, Ọlọ́runfúnmi sì ti ṣèlérí fún un pé òun ló máa fi ṣe ọ̀gá àwọn tó máa máa ta epo. Ṣé ebi ò pa èmi? Ta ló tún ń rán aṣọ tuntun nísinsìnyí? Aṣọ àtijọ́ ni wọ́n ń gbé wá fún mi pé kí n bá àwọn fún un pọ̀, torí wọ́n ti rù, aṣọ ti tóbi jù wọ́n lọ. Bí ebi bá ń pa èèyàn, ṣé aládùúgbò rẹ̀ ló yẹ kó jẹ?

Ẹ fara balẹ̀, mi ò tíì dé ibẹ̀. Ibi tí Ọláwuyì ò dé nígbà tó ń ròyìn fún yín, ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n gbé katakata dé. Kọ́ládé gbọ́ ìró rẹ̀, ó dìde nídìí oúnjẹ. Ẹ mọ Kọ́ládé, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi tọ́jú ìwé ní yunifásítì, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí kó jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni? Ó lọ dúró níwájú katakata yẹn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, pa á. A ti ń bá lọ́yà sọ̀rọ̀, à ń lọ sí kóòtù." Awakọ̀ náà sì pa á. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Àjòjì tí ò mọ̀ wá rí, ó pa á, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

Àwọn jàǹdùkú tó wà nínú mọ́tò kejì ló wá bẹ́ sílẹ̀, ojú wọn pọ́n, Oyèníyì ló ṣáájú wọn, ọ̀pá irin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìníolúwa, ẹ kúrò lójú ọ̀nà oúnjẹ mi." Kọ́ládé ní, "Oyèníyì, ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?" Kò tíì sọ ọ́ tán. Irin náà bà á lójú, mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú ilé níbi tí mo wà, bí ìgbà tí àgbọn bá já lu sìmẹ́ǹtì. Ó wó lulẹ̀. Wọ́n ò fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń gbá a nípàá níhà, wọ́n ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ń fi ọwọ́ kejì wá ojú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń wá a bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo gún Oyèníyì. Mo gún un léjìká, mo fà á yọ, mo tún gún un. Ẹ má wolẹ̀, Bọ̀dá, ẹ wò mí. Èjìká kọ́ ni mò ń wá, ọrùn ni mò ń wá. Ìyàwó rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ mi mú, obìnrin tó gbá mi mú lẹ́yìn nígbà tí mò ń rọbí, ó ń sunkún pé, "Ìyá Ìníolúwa, ẹ má pa á fún mi, ẹ má pa á fún mi." Mo fẹ́ gún òun náà. Ọlọ́run ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá, wọ́n lé awakọ̀ yẹn sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gorí katakata, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri mi. Ògiri náà wó lu máṣíìnì mi, ó wó lu aṣọ oníbàárà. Ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò táńkì. Ẹ wo ìta, tapólì la ta sí ẹnu yàrá yẹn báyìí bí ilé aláìlárá.

Ta ni ọlọ́pàá sì mú? Èmi ni wọ́n mú. Wọ́n ní èmi ló gún èèyàn. Oyèníyì wà ní ọsibítù, wọ́n ń rán èjìká rẹ̀, ọkọ mi wà ní ọsibítù kan náà, àtìmọ́lé ni èmi wà, mò ń bẹ ọmọ ọlọ́pàá kékeré kan pé kó bá mi béèrè bóyá Kọ́ládé ṣì wà láyé. Kí wọ́n tó gba béèlì mi, dókítà ti yọ ojú náà. Èmi kọ́ ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì tí ò mọ orúkọ rẹ̀ ló dì í mú.

Ìdí tí wọ́n fi rán yín wá bẹ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín tí wọn ò bá sọ ọ́. Lọ́yà wa ti gbé wọn lọ sí kóòtù, adájọ́ ti ní kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Káńsù wá dúró níwájú adájọ́, wọ́n búra pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun làwọn ti dá fún gbogbo wa tẹ́lẹ̀, pé àwa la ò wá. Adájọ́ ní ta ló lè jẹ́rìí pé irọ́ ni. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n ti rí ojú Kọ́ládé.

Kí lẹ sọ?

Ẹ tún un sọ. Ẹ ní Ọláwuyì ò ní ohun búburú lọ́kàn, pé kí ariwo má bàa pọ̀ ló ṣe fa ìpàdé náà wá síwájú. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ìgbà wo ló sọ ọ́? Rárá, ẹ má wo fèrèsé, èmi ni kẹ́ ẹ wò. Ìgbà wo?

Ọjọ́ Sátidé. Sátidé wo? Èyí tó ṣáájú ìpàdé.

Nínú pálọ̀ yín ní Oǹdó. Ó jókòó sínú pálọ̀ yín, ó jẹ iyán ìyàwó yín, ó sọ fún yín pé òun máa ṣe ìpàdé náà kí àbúrò yín tó dé ibẹ̀, ẹ sì ní fóònù lọ́wọ́. Ẹ pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi, mo rántí, ẹ béèrè bí ara Kọ́ládé ṣe wà. Mo ní ara rẹ̀ le. Ẹ ní ká dúpẹ́.

Ẹ ní ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lásán ni. Ẹ ò mọ̀ pé ó máa dà báyìí. Ẹ ò fẹ́ ba ọ̀rẹ́ jẹ́.

Ẹ má sún sẹ́yìn. Àlùmọ́gàjí náà wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la máa wà níwájú adájọ́, ẹ̀yin náà máa wà níbẹ̀, ẹ ó la ẹnu yín, ẹ ó sọ ohun tí Ọláwuyì sọ fún yín ní Sátidé yẹn, láì fi nǹkan kan kún un, láì yọ nǹkan kan kúrò. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, ọmú ìyá wa tá a jọ mu ni yóò bi yín. Oúnjẹ tẹ́ ẹ bá bá Ọláwuyì jẹ, kó má ṣe dà nínú yín. Tí mo bá kú ṣáájú yín, ẹ má wá síbi òkú mi, tẹ́ ẹ bá ṣáájú mi kú, mi ò ní wá síbi tiyín.

Ẹ ó wá? Ẹ sọ ọ́ sókè.

Ó dáa. Ibì kan wà tẹ́ ẹ ó kọ́kọ́ dé kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Kọ́ládé wà ní yàrá, kò sùn, ó ń gbọ́ ohùn yín. Láti àárọ̀ ló ti ń bi mí bóyá ẹ ti dé, ó ní nínú gbogbo mọ̀lẹ́bí, ẹ̀yin nìkan lòun mọ̀ pé ó dúró ti òun. Ẹ dìde. Ẹ wọlé lọ bá a, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un fúnra yín, mi ò ní bá yín sọ nínú rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ibẹ̀ ni ojú tó kù wà.