Omi Tí A Fà Kí Ìjì Tó Jà

"Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀. Ẹ jókòó, Ọ̀gá, kí n tú u sílẹ̀ kí ohùn mi tó lọ."

Báyìí ni Bàbá Onígò ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ibùsùn tí kò lè dá dìde níbẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà tó jókòó tì í, tó ń pè ní Ọ̀gá, ni onímọ̀ òkun tó bá ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọdún mọ́kànlá, nígbà tí ara àwọn méjèèjì ṣì le. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn. Ọmọbìnrin bàbá ló wá a kiri títí ó fi rí i.

Ṣùgbọ́n ayé àtijọ́ ló kọ́kọ́ gbé bàbá lọ. Ó rántí òórùn epo ẹ̀rọ àti iyọ̀ lára aṣọ wọn, tíì gbígbóná nínú ife irin, àti bí Ọ̀gá ṣe máa ń fi ìka gbá tábìlì tó bá ń ṣàlàyé: "Onígò, òkun ń mí bí èèyàn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí iná àti ẹ̀rọ wa ń tú jáde, ó sì ń kó o pa mọ́ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìjì bá rò ó bí ẹni fi ṣíbí ro tíì, omi ìsàlẹ̀ á gòkè, á sì tú afẹ́fẹ́ náà padà síta. Kò sẹ́ni tó tíì wọ̀n ọ́n. Àwa la máa wọ̀n ọ́n." "Àwa" yẹn máa ń mú orí bàbá wú. Ta ló tún ń pe ẹni tó kàn ń fa omi sígò ní "àwa"?

"Ẹ rántí ìjì ńlá yẹn?"

"Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bì."

"Kí ó tó dé, mo fa omi láti ojú òkun dé ibú, ìgò méjì méjì. Ẹ ní tí ìjì bá lọ, kí n dúró kí ìgbì rọlẹ̀, kí n tún fà á, bó tilẹ̀ gba ọjọ́ méjì. Àárọ̀ ọjọ́ tí ìjì lọ ni ìròyìn dé lórí rédíò pé ìyàwó mi ń rọbí, pé kò rọrùn fún un. Orí mi dàrú. Ó yẹ kí n wá bá yín. Ojo ni mí, n kò wá. Mo bó lébẹ́ẹ̀lì kúrò lára àwọn ìgò kejì tí mo fà ṣáájú ìjì, mo lẹ tuntun mọ́ wọn, mo kọ 'lẹ́yìn ìjì' sí wọn. Okùn tí a fi ń sọ ìgò sómi kò kan omi rárá. Mo wá kan ilẹ̀kùn yín, mo ní, 'Ọ̀gá, mo ti fà á tán, ẹ jẹ́ ká máa lọlé.' Ẹ tilẹ̀ ṣàdúrà fún mi."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Òun ni ọmọ tí wọ́n ń rọbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí omi inú ìgò tìṣáájú àti tẹ̀yìn ìjì ṣe déédéé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín fi yín rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn pé ìjì yín kò ru nǹkan kan sókè, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ní, 'Wo ojú mi. Ṣé o sọ okùn náà sómi?' Mo wo ojú yín, mo ní, 'Mo sọ ọ́, mà. Bóyá ẹ̀yin lẹ da nọ́ńbà rú, ara yín ò yá nígbà náà.' Ìkà ni mí! Ẹ gbà mí gbọ́ ju ara yín lọ."

Ọdún náà ni Ọ̀gá fi òkun sílẹ̀ tó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìṣirò. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn wọ̀n ọ́n, wọ́n sì bá a bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ dárí jì mí."

Ìyá náà dáhùn: "Gbogbo ọdún yìí, mo rò pé orí mi ni kò pé. N kò ní parọ́ fún ọ, ìdáríjì kò tíì dé ọ̀fun mi. Kọ ọ́ sílẹ̀ ná, kí a fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ òkun tó ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí."

Bàbá ń sọ, ọmọ rẹ̀ ń kọ, títí ó fi kan ìparí: "Ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí, bí ẹ kò bá fa omi, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò fà á. Ojú á tì yín lọ́jọ́ kan péré. Tèmi kò tán títí dòní."

Wọ́n gbé ìwé náà sí iwájú rẹ̀ kó buwọ́ lù ú. Kálàmù ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kọ orúkọ rẹ̀ tán.